Àálè Orí Àgbá Bẹntiróòlù

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ènìyàn rere ni Olúsọjí Ọdẹ́yẹmí. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ròyìn rẹ̀ nígbà tó kú lọ́dún 2007, tí wọ́n ń ní bàbá olóye, bàbá tó ríran jìnnà. Ọlọ́kàn líle ni. Ó gbọ́n, mi ò ní kò gbọ́n, ṣùgbọ́n ọgbọ́n rẹ̀ ò ní àánú nínú rárá. Èmi ló yẹ kí n sọ ọ́, torí èmi Láyí ni awakọ̀ abúlé wa, gbogbo rẹ̀ sì ṣojú mi kòró. Bí ẹ bá sì gbọ́ tí mò ń bú u, ẹ fi sọ́kàn pé mò ń bú ara mi náà.

Òkè-Ọ̀pẹ ni abúlé wa ń jẹ́. Máìlì mọ́kànlá ni sí Ìkọ̀lé, ọ̀nà pupa tó kún fún kòtò. Ilé ibẹ̀ ò pé ogójì. Iṣu là ń gbìn, kòkó díẹ̀, ọ̀pẹ sì pọ̀ bí ẹní máa ya wèrè. Mọ́tò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, pikọ́ọ̀pù tèmi, tí ilẹ̀kùn ọ̀tún rẹ̀ kì í ṣí àfi téèyàn bá fẹsẹ̀ ta á.

Lọ́dún 1994, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ epo daṣẹ́ sílẹ̀, inú rírun kọlu Florence, ìyàwó Olúsọjí. Mọ́tò mi wà nílẹ̀, kò sí ẹ̀kán epo kan nínú rẹ̀. Olúsọjí gbé ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó fi ọ̀já so ó mọ́ ara rẹ̀, ó wà á lọ sí Ìkọ̀lé. Ó ṣì ku máìlì mẹ́ta kí wọ́n débẹ̀ nígbà tó gbọ́ pé ẹ̀mí rẹ̀ ti dákẹ́ lẹ́yìn òun. Ó yí kẹ̀kẹ́ padà, ó tún wà á bọ̀ wálé pẹ̀lú òkú lẹ́yìn. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Títílọpẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà. Mi ò rí i kí Olúsọjí sunkún. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ ju ọ̀rọ̀ epo lọ.

Níbi ìpàdé abúlé, á dìde, á ní epo tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ kì í ṣe omi odò tí òjò ń kún. Ó ní ọjọ́ kan ń bọ̀ tó máa gbẹ, kó tó gbẹ gan-an, àwọn tó ń pín in ò ní jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ àwa ará oko. Ó máa ń bi wá pé ta ló máa gbé aláìsàn wa lọ́jọ́ náà. A máa ń rẹ́rìn-ín ni. Orílẹ̀-èdè tó ń ta epo fún gbogbo ayé, ẹnì kan jókòó sí Òkè-Ọ̀pẹ ó ní epo máa tán! Àwọn ọ̀dọ́ sọ ọ́ ní Epo-ń-Tán, bó bá sì ń kọjá, wọ́n á fi súfèé pè é. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, tí ìlà mọ́tò nílé epo Ìkọ̀lé gùn débi tí àwọn awakọ̀ ń gbé ẹní dání lọ, ẹ̀rín ti gbẹ lẹ́nu wa.

Nígbà yẹn ni a wá gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu. Ó kó wa lọ gbá kòtò tí àwọn ìyá wa ti ń fẹsẹ̀ tẹ epo pupa kí ẹ̀rọ tó dé. Ó ní kí obìnrin kankan má sọ ọlọ rẹ̀ nù nítorí ẹ̀rọ ìlọta, kí ilé kọ̀ọ̀kan sì ní kẹ̀kẹ́ tó ń rìn. Èyí tó wá jọ ọ́ lójú jù ni ọ̀rọ̀ àgbá. Kí ilé kọ̀ọ̀kan máa mú gálọ̀nù epo pupa kan wá lóṣù, ká tà á, ká fi ra bẹntiróòlù díẹ̀díẹ̀ sínú àgbá kan tó máa wà lábẹ́ àtíbàbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò mi. Bí ẹnìkan bá ń kú lọ, tàbí tí ìrọbí obìnrin kò bá rọrùn, kí n bu epo níbẹ̀ kí n gbé e lọ sí Ìkọ̀lé. Fún nǹkan mìíràn, ká má fojú kàn án.

Gbogbo wa gbà, ó kù kí á mọ ẹni tó máa ṣọ́ ọ. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá dárúkọ pé kó mú kọ́kọ́rọ́, ẹlòmíràn á ní olè ni. Olúsọjí rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, bóyá ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí eyín rẹ̀ lẹ́yìn ikú Florence. Ìdílé Ògún ni wọ́n, láti ọ̀dọ̀ baba ńlá wọn. Ó ní òun ò nílò kọ́kọ́rọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a bá àálè lórí àgbá. Ṣúkù àgbàdo mẹ́ta, àjákù bàtà kan, ègé irin tó ti dípẹtà, ó di gbogbo rẹ̀ sínú àkísà pupa, ó fi màrìwò so ó mọ́ ẹnu àgbá. Ó ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ohun tójú rẹ̀ bá rí, kó fara mọ́ ọn. Òun nìkan ló máa tú u, òun nìkan ló máa so ó padà. Kò sí ẹni tó bá a jiyàn, torí lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá pa àálè ló ń tú àálè. Pásítọ̀ Akínlolú tó ń wàásù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé òrìṣà ò lágbára, ẹ̀yìn ilé ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kó má baà kọjá níwájú àtíbàbà. Ẹ wò ó, ibẹ̀ gan-an la ti ṣìṣe. Gbogbo wa ń ronú olè. Kò sí ẹnì kan tó bèèrè pé bí bàbá yìí ò bá sí nílé ńkọ́.

Mi ò ní purọ́, àgbá náà ṣiṣẹ́. Mo gbé ọmọ tí ejò bù jẹ lọ, ó yè. Mo gbé ìyá arúgbó kan lọ, ó yè. Ní gbogbo ìgbà, Olúsọjí á wá, á tú àálè, á wọn epo fún mi bí ẹni ń wọn oògùn, á tún so ó padà. Agbára wá bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Àwọn tó ń fi súfèé pè é tẹ́lẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀ fún un lójú ọ̀nà, ó sì ń gbádùn rẹ̀, mo rí i lójú rẹ̀.

Ìyá Morákinyọ̀ kú sí Ìkọ̀lé lásìkò òjò. Morákinyọ̀, akọ̀pẹ ni, ọkùnrin tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà, wá bẹ Olúsọjí fún epo díẹ̀ kí n lè lọ gbé òkú ìyá rẹ̀ wálé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀. Olúsọjí wò ó títí, ó ní:

"Òkú kì í kánjú."

Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni Morákinyọ̀ fi gbé ìyá rẹ̀ bọ̀ nínú òjò, ẹsẹ̀ arúgbó náà ń wọ́ ilẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, inú bí i, ó lọ síbi àgbá lójú gbogbo wa, ó tú àálè, ó bu ìgò epo kan, ó sì dà á sílẹ̀ níwájú ilé Olúsọjí. Gbogbo abúlé ló gbóòórùn rẹ̀. Olúsọjí kàn lọ so àálè rẹ̀ padà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìyẹn, Morákinyọ̀ já bọ́ lórí ọ̀pẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ kán. Títí di òní, ìdùbúlẹ̀ ló wà.

Èmi àti Olúsọjí la kọ́kọ́ débẹ̀. Igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ ti já sí méjì, ibi tó ti já dúdú, ikán ti jẹ ẹ́ tipẹ́. Mo rí i. Olúsọjí náà rí i. Ó ká a nílẹ̀, ó jù ú sínú igbó. Nígbà tí àwọn èèyàn fi dé, ohun tó sọ fún wọn ò ju pé, "Ẹ ti rí i." Ìyàwó Morákinyọ̀ kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ Olúsọjí mú, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó jọ̀ọ́ kó gbé ọwọ́ ìjà rẹ̀ kúrò lára ọkọ òun. Ó jẹ́ kó kúnlẹ̀. Èmi náà dákẹ́. Mo ti rí ibi tí ikán jẹ, síbẹ̀ mo ń sọ fún ara mi pé bóyá àálè ló rán ikán níṣẹ́. Bí ẹ̀rù ṣe máa ń sọ àgbàlagbà di òmùgọ̀ nìyẹn.

Títílọpẹ́ ọmọ rẹ̀ ń gbé ní Ọyẹ́ pẹ̀lú Súnkànmí ọkọ rẹ̀, tíṣà ni àwọn méjèèjì. Ọdún kẹrin ìgbéyàwó wọn ló tó lóyún, lọ́dún 1999. Ilé wọn ò ju ìdajì máìlì sí ilé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ ló máa fi rìn débẹ̀! Ṣùgbọ́n Olúsọjí gun kẹ̀kẹ́ lọ bá wọn, ó ní kí ọmọ òun máa bọ̀. Súnkànmí ní ilé ìwòsàn wà nítòsí. Olúsọjí ní bí wọ́n bá ní kí wọ́n gbé e lọ sí ibòmíràn láti ibẹ̀ ńkọ́, mọ́tò wo ló fẹ́ rí? Ó ní, "Wá sí ulé, ọmọ mi. Epo wà lọ́dọ̀ tèmi." Títílọpẹ́ tẹ̀ lé e. Kò fẹ́ ba bàbá rẹ̀ lọ́kàn jẹ́, bàbá tó jẹ́ pé òun nìkan ló kù tó ń pè ní ọmọ mi.

Mobọ́lá agbẹ̀bí ka oṣù fún un, ó ní ó ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Olúsọjí lọ wo àgbá, ó ti fà sí ìsàlẹ̀ díẹ̀. Ó ní àfi kó kún kó tó di ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ọmọ òun. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó di kẹ́ẹ̀gì méjì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó lọ tò sórí ìlà ní Ìkọ̀lé. Ó ní lọ́jọ́ Ẹtì òun á dé.

Ọjọ́bọ̀ ni ìrọbí mú Títílọpẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́, Mobọ́lá jáde síta, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ní ọwọ́ ọmọ ló kọ́kọ́ yọ, kò sí ohun tí òun lè ṣe mọ́, kí á máa gbé e lọ sí Ìkọ̀lé kíá.

Gbogbo wa sáré lọ síbi àtíbàbà, gbogbo wa sì dúró. Mọ́tò nìyí. Àgbá nìyí, ó ju ìlàjì lọ. Àálè sì wà lẹ́nu rẹ̀, àkísà pupa tí oòrùn ti pa láwọ̀ dà. Ẹnìkan ní bàbá rẹ̀ ló pa á, kò lè ṣe ọmọ rẹ̀ ní ibi. Ẹlòmíràn ní ẹ lọ bi Morákinyọ̀ wò. Wọ́n ní kí Pásítọ̀ Akínlolú tú u, ṣebí òun ní agbára. Pásítọ̀ gbàdúrà. Ó gbàdúrà títí òógùn bo aṣọ rẹ̀, ó wá ní Ẹ̀mí ò tíì darí òun. Ẹ̀mí ò tíì darí rẹ̀! Wọ́n wá kọjú sí mi, wọ́n ní èmi ni awakọ̀. Mo na ọwọ́. Ó ku bí ìka mẹ́ta kí n kàn án, mo rántí Morákinyọ̀ lórí ẹní, bí wọ́n ṣe ń nù ún nídìí bí ọmọ ọwọ́. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní. Mo fa ọwọ́ mi padà. A ní ká dúró de Olúsọjí, ṣebí ó ní òun á dé lónìí.

A dúró títí oòrùn fi kàn tààrà lórí. Títílọpẹ́ ń gbọ́ ariwo wa láti inú ilé. Ó pè mí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò lè wò ó lójú. Ó ní:

"Bọ̀ọ̀dá Láyí, bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ gbé mi débẹ̀. Èmi ni ọmọ rẹ̀, kí n fọwọ́ ara mi tú u."

Ẹ gbọ́ ohun tí a sọ fún un. A ní aboyún kì í fọwọ́ kan àálè, á pa ọmọ inú rẹ̀. Bí a ṣe sọ ọ́ nìyẹn, gbogbo àgbà abúlé, ọwọ́ ọmọ tó fẹ́ bí ti wà níta láti àárọ̀! Títílọpẹ́ wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọjú sí ògiri.

Nígbà tí a ò rí Olúsọjí, a yọ ilẹ̀kùn kan, a tẹ́ aṣọ sí i, a gbé e lé e, ọkùnrin mẹ́jọ sì gbà á, mẹ́rin mẹ́rin. Pásítọ̀ wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀. Bí a bá ti ko kòtò, Títílọpẹ́ á kígbe. Nígbà tó yá, kò kígbe mọ́, ìyẹn ló wá ń dẹ́rù bà wá jù.

A ti rin máìlì márùn-ún nígbà tí a rí kẹ̀kẹ́ tó ń bọ̀ lókèèrè. Olúsọjí ni, kẹ́ẹ̀gì méjì tó kún dẹ́nu wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n fún àìsùn. Ó rí ilẹ̀kùn, ó rí ẹni tó wà lórí rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀.

"Mọ́tò ńkọ́?"

Mo ní, "Kò sí epo nínú rẹ̀, Bàbá."

"Àgbá ńkọ́?"

"Àálè yín wà lórí rẹ̀."

Ó wò mí bí ẹni pé kò mọ̀ mí rí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àkísà ni. Àkísà lásán ni, Láyí. Mi ò fi nǹkan kan sí i."

Pásítọ̀ ní Morákinyọ̀ wá ńkọ́?

"Igbà rẹ̀ ló jẹrà. Láyí mọ̀."

Ojú gbogbo wọn yí sọ́dọ̀ mi. Ìtìjú ọjọ́ náà ò tíì kúrò lára mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni mo fẹ́ sọ. Títílọpẹ́ gbọ́ ọ. A rò pé kò gbọ́ nǹkan mọ́, ṣùgbọ́n ó la ojú, ó wo bàbá rẹ̀, ó rọra ní:

"Bàbá, mo ní kí wọ́n gbé mi débẹ̀."

Kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́.

Olúsọjí gbé kẹ̀kẹ́ náà lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì kan lẹ́yìn rẹ̀, ó ní kí n sáré lọ gbé mọ́tò wá. Òun gba ipò mi lábẹ́ ilẹ̀kùn. Mo wa kẹ̀kẹ́ náà títí ẹ̀jẹ̀ fi ń ta lẹ́nu mi. Mo dé abẹ́ àtíbàbà, mo da epo inú kẹ́ẹ̀gì sínú mọ́tò. Àgbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bàbá ti sọ fún mi pé àkísà lásán ni, síbẹ̀ mo yẹ̀ fún un kí aṣọ mi má baà kàn án.

Nígbà tí mo bá wọn, wọ́n ti gbé ilẹ̀kùn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Máìlì mẹ́ta ló kù sí Ìkọ̀lé, kò jìnnà síbi tí ìyá rẹ̀ ti kú. Títílọpẹ́ ti lọ, ọmọ inú rẹ̀ sì bá a lọ. Olúsọjí jókòó sílẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, kẹ́ẹ̀gì kejì wà láàrín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní kí n yí mọ́tò padà. Ó ní kò sí ìkánjú mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó pe abúlé jọ síbi àtíbàbà ní ọ̀sán gangan. Ó fi ọ̀bẹ gé màrìwò, ó tú àkísà náà, ó da ohun inú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí gbogbo wa lè rí i: ṣúkù mẹ́ta, bàtà, irin. Ó sọ ọ̀rọ̀ igbà Morákinyọ̀ fún wọn láìfi ọ̀kan pamọ́. Ó ní epo náà ṣì jẹ́ ti aláìsàn àti aboyún, kí a fi ojú àánú ṣọ́ ọ fún ara wa. Ó wá lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ọjọ́ méjì péré ni àgbá náà lò. Ẹlẹ́rọ ìlọta ló kọ́kọ́ wá, ó ní òun kàn fẹ́ yá díẹ̀. Pásítọ̀ bu tirẹ̀ fún jẹnẹrétọ̀ ìsọjí. Mobọ́lá bu ìgò kan. Ìyàwó Morákinyọ̀ bu tirẹ̀, ó sì tutọ́ sílẹ̀ kó tó lọ. Ọ̀sán gangan ni gbogbo rẹ̀, kò sẹ́ni tó fi pamọ́. Èmi ni mo gbẹ̀yìn. Mo tẹ àgbá náà, mo fa ìyókù sínú kẹ́ẹ̀gì, torí ọjọ́ kejì lọjọ́ ọjà Ìkọ̀lé, èrò sì máa pọ̀.

Iwájú ilé Olúsọjí ni mo gbà kọjá pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì náà lọ́wọ́. Ó ti ń wò wá láti ìjẹta, kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun. Ó gbójú sókè.

"Láyí, ó tó ọ?"

Mo ní, "Ó tó, Bàbá."